Ẹ̀rọ ìdárayá tó ń ké: ẹ mọ ohun tí ẹ máa fín sí i

Arábìnrin, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí ẹ ń gùn nínú yàrá yín ní Ọbantoko ń han gooro nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń tẹ pẹ́dàlì rẹ̀, pé àwọn ará ilé ń ráhùn ní ìdájí, ẹ sì fẹ́ mọ irú òróró inú agolo tí ẹ lè fín sí i kí ó dákẹ́. Níbi tí ike tàbí rọ́bà bá ti ń ha nǹkan, silicone, òróró kan tó máa ń yọ̀ gan-an, ni kí ẹ fín sí i. Níbi tí irin bá ti ń lọ irin, gíríìsì funfun tí wọ́n fi lithium ṣe ni kí ẹ lò, òun náà wà nínú agolo tí a ń fín. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín ohunkóhun sí ẹ̀rọ yín kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo náà.

Treadmill, ẹ̀rọ tí a ń rìn tàbí sáré lórí bẹ́líìtì rẹ̀, ni tèmi. Ní ìparí ọyẹ́ ọdún kan, nígbà tí eruku ti wọ inú rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo sì ké sí ẹni tí ó tà á fún mi, ó sì rán ọkùnrin kan tí ó pè ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà wá. Ọ̀gá yìí kò fọwọ́ kan abẹ́ bẹ́líìtì, kò béèrè ìwé ẹ̀rọ, agolo tí àwọn mẹkáníìkì fi ń tú bóòtì tó ti dípẹtà ló fà yọ, ó sì fín in yí bẹ́líìtì ká. Ariwo dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ariwo fi padà, ó sì wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ lé bẹ́líìtì, yóò dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ni yóò ṣàdéédéé já lọ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, bí kì í bá ṣe irin tí mo dì mú, ilẹ̀ ni ǹ bá bá ara mi. Nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, etí bẹ́líìtì ti ká sókè, pákó abẹ́ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mọ́tò sì ń rùn bí ike tó ń jó. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní ara mi ló wúwo jù fún ẹ̀rọ náà! Èmi ni mo fi owó ara mi ra bẹ́líìtì tuntun, títí di òní kò sí ẹni tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ fún mi nínú wọn.

Ohun tí ọ̀gá náà kò mọ̀, tàbí tí kò bìkítà láti mọ̀, ni pé òróró tí a fi ń tú ìpẹtà kì í pẹ́ lára nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa fẹ́ lọ, yóò sì ti fọ gíríìsì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dànù kí ó tó lọ, epo rọ̀bì inú rẹ̀ sì lè ba rọ́bà jẹ́. WD-40 tí gbogbo ènìyàn mọ̀, òróró inú agolo tí a fi ń tú ìpẹtà, ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 1953, láti lé omi kúrò lára irin àti láti dènà ìpẹtà, ara rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas ni wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń ta silicone àti gíríìsì lithium pẹ̀lú lábẹ́ orúkọ kan náà, nítorí náà bí ẹ bá dé ọjà Láfẹnwá tàbí Kútò, ẹ má kàn dárúkọ lásán fún ọlọ́jà, ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ orúkọ náà. Ẹni tó bá ní treadmill, silicone pátápátá tí kò ní epo rọ̀bì kankan nínú ni kí ó wá, abẹ́ bẹ́líìtì ni a sì ń fi í sí, kì í ṣe orí rẹ̀.

Òróró inú àwọn agolo wọ̀nyí, tàbí afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde, lè gbiná, ẹ má fín in nítòsí sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì gbàgbé agolo sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Bí ẹ̀rọ bá ń lo iná, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, kódà bí wọ́n bá ti mú iná lọ, nítorí wọn kì í sọ fún ni kí wọ́n tó mú un dé.

Ní ti kẹ̀kẹ́ tiyín, ẹ kọ́kọ́ fi sípánà dán bóòtì wò, pàápàá ti pẹ́dàlì, ti apá tó gbé pẹ́dàlì dání àti ti òpó ìjókòó, nítorí púpọ̀ nínú ariwo kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àìní òróró rárá, bóòtì tó tú ni. Pẹ́dàlì ẹsẹ̀ òsì yàtọ̀, apá òsì ni a ń yí i sí kí ó tó le. Ẹ nu ìdọ̀tí kúrò, ẹ fín díẹ̀, ẹ nu àṣẹ́kù, nítorí eruku a máa lẹ̀ mọ́ gíríìsì tó bá pọ̀ jù. Ẹ má fín ohunkóhun sí bíréèkì rẹ̀ àyàfi bí ìwé ẹ̀rọ bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì tẹ́ àkísà tàbí ìwé ìròyìn sí abẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, torí silicone tó bá ta sórí táìlì máa ń yọ̀ gan-an, omi lásán kò sì lè ṣí i kúrò. Omi ọṣẹ gbígbóná ni kí ẹ fi fọ ibẹ̀ kí ọmọdé tó gba ibẹ̀ kọjá.