Ẹja Tó Le Bí Òkúta ní Èbúté Yaizu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo fídíò èbúté Yaizu ní ilẹ̀ Japan, níbi tí wọ́n ti ń já ẹja sílẹ̀. Gbà, gbà ni ẹja ń lu ara wọn bí òkúta. Òkú Èkó ni mo ń tà. Ṣé ẹja tó gan tó báyẹn ṣì dára? Kí ló sì dé tí túnà tèmi ń dúdú nínú fírísà, tí tiwọn ṣì pupa?
Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹja gidi ni, ìyá wa. Katsuo, àbúrò túnà, ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọkọ̀ tó ń kó o wá sí Yaizu lè lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí òkun Pàsífíìkì. Yìnyín lásán kò lè gbé e délé. Inú omi iyọ̀ líle ni wọ́n ń dà á sí. Iyọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí omi náà dì, bó tilẹ̀ tutù dé nǹkan bí -17°C, omi sì ń fa ooru lára ẹja ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹja tó bá ń dì díẹ̀díẹ̀, hóró yìnyín inú rẹ̀ á tóbi, á gún ẹran náà ya. Tó bá wá yọ́, omi á máa kán, ẹran á rí bíi kànrìnkàn.

Òtútù yẹn tó fún ẹja inú agolo àti katsuobushi, èyí tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń yọ eegun rẹ̀, tí wọ́n ń fi èéfín gbẹ léraléra títí á fi le bí igi. Túnà tí wọ́n fẹ́ jẹ ní tútù kò gba bẹ́ẹ̀. Lórí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà, tí wọ́n ń yọ ìfun rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé e sínú òtútù -60°C. Ní èbúté, wọ́n á gé ìrù rẹ̀ wo àwọ̀ àti ọ̀rá.

Fírísà tiyín kò sábà kọjá -18°C. Ẹran á gan lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn ṣì ń sọ èròjà tó mú un pupa di àwọ̀ ilẹ̀. Ìyẹn nìkan kò ní kó bàjẹ́. Tí òtútù bá ń lọ sókè sódò nítòsí -10 sí -1°C ni dídúdú náà ń yára jù, nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fírísà.

Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ẹja tó ti pẹ́ nínú ooru kó tó dì. Bẹ́ẹ̀ ni túnà, katsuo àti Titus ṣe máa ń ní hístámìn, èròjà kan tó ń ṣe ara ní jàǹbá. Dídì kì í mú un kúrò, sísè àti dídín náà kì í mú un kúrò. Ojú ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè pọ́n, kí orí máa fọ́ ọ. Ẹja tó bá ń ta ètè láìsí ata, ẹ dà á nù.