Ayaba, olorì àbí ọbabìnrin: èwo ni Charlotte, aya Ọba George Kẹta?

Ìbéèrè tí a gbé wá ni pé: kí ni ìtumọ̀ "ayaba", kí ni ó sì fi yàtọ̀ sí "olorì" àti "ọbabìnrin"? Ẹni tí ó béèrè fi kún un pé òun ti rí i níbì kan tí wọ́n pe Charlotte ti Ìlú Ọba ní ayaba, tí wọ́n sì pè é ní ọbabìnrin níbòmíràn, àti pé òun kà á pé wọ́n dé e ládé. Ǹjẹ́ obìnrin náà jọba ni?

Kò jọba. Aya ọba ni, ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ sì ni ó ti rí ipò tí ó wà fún ọdún 57.

Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ wà: "aya" àti "ọba" ni a pa pọ̀ tí ó di "ayaba". Aya ọba náà ni olorì, orúkọ yìí ni ó sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa lónìí bí a bá ń kí ìyàwó kábíyèsí. Ọbabìnrin ni obìnrin tí ó gun orí oyè fúnra rẹ̀, bí Elizabeth Kejì tí ó jọba láti 1952 títí di 2022, tí Philip ọkọ rẹ̀ kò sì di ọba títí ó fi kú. Lójú tèmi, Bíbélì wa wà lára ohun tí ó da ọ̀rọ̀ náà rú. Ayaba ni àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ pe Ẹ́sítérì, ẹni tí ó jẹ́ aya ọba lásán. Ayaba náà ni wọ́n pe obìnrin Ṣébà tí ó wá fi àlọ́ dán Sólómọ́nì wò, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni ó ni ìtẹ́ tirẹ̀. Àwọn baba wa kì í dà á pọ̀ bẹ́ẹ̀: Lúwòó tí ìtàn Ifẹ̀ sọ pé ó jẹ́ obìnrin lórí oyè, Ọ̀ọ̀ni ni wọ́n pè é, kì í ṣe olorì ẹnikẹ́ni.

Ní ti Charlotte, ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1744 ni wọ́n bí i ní Mirow, ní ilẹ̀ kékeré kan tí a ń pè ní Mecklenburg-Strelitz, ní àríwá Jámánì. Bàbá rẹ̀ kú ní 1752, ìyá rẹ̀ sì kú ní 1761 gan-an tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé arákùnrin rẹ̀ tí ó wà lórí oyè ni ó fi í fún ọkọ. Ọmọ ọdún 17 ni, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìrìn àjò orí òkun tí ìjì dà láàmú, ó gúnlẹ̀ sí Harwich, ó sì wọ Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ fojú kan George. Nígbà tí ó fi di alẹ́, wọ́n ti so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ààfin St James. Horace Walpole tí ó gbé ayé nígbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ àrán elése àlùkò tí wọ́n fi bò ó léjìká wúwo débi pé ó ń fa aṣọ yòókù wálẹ̀ lára rẹ̀. Ìyàwó tuntun yìí ṣì jókòó ti dùùrù lóru ọjọ́ náà, ó ń kọrin fún ìdílé ọba kí oúnjẹ tó dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n dé òun àti ọkọ rẹ̀ ládé ní Westminster Abbey. Adé yìí ni ó ń ṣi àwọn ènìyàn wa lọ́nà, nítorí pé nílẹ̀ wa, orí ọba nìkan ni adé ìlẹ̀kẹ̀ wà fún. Ìyá Kẹ́rẹ́, obìnrin ààfin tí ó máa ń gbé adé lé Aláàfin lórí nínú ìtàn Ọ̀yọ́, kì í gbé e lé orí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìlú Ọba, adé aya ọba jẹ́ ohun iyì. Kò fún un ní àṣẹ láti ṣòfin tàbí láti yan olóòtú ìjọba.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ọmọ bíbí, ó sì ṣe é: ọmọ 15, tí méjì nínú wọn, Alfred àti Octavius, kú ní kékeré. Ilé Buckingham, tí ọba rà fún un, ni ó ti bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ọmọbìnrin mẹ́fà tí ó bí, mẹ́ta péré ni ó rí ọkọ fẹ́, méjì nínú àwọn yẹn sì ti kọjá ogójì ọdún kí wọ́n tó ṣègbéyàwó.

Ibi tí a ti rí i gbangba pé olorì ni ni ìgbà tí àìsàn ọpọlọ kọlu ọkọ rẹ̀. Ní 1788, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí yóò ṣe adelé, ṣùgbọ́n ara ọba yá kí wọ́n tó parí rẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà padà dé, òfin 1811 pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: ọmọ rẹ̀ àgbà gba àkóso ìlú gẹ́gẹ́ bí adelé, wọ́n sì fi ìtọ́jú ara ọba lé Charlotte lọ́wọ́. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ará Àkúrẹ́ tàbí ará Èkìtì, níbi tí ó jẹ́ pé bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni a máa ń fi ṣe adelé. A kì í fi olorì ṣe é, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń rù oyè, olorì sì ti ilé mìíràn wá.

Charlotte kú ní Kew ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1818, wọ́n sì sin ín sí Windsor. Ọkọ rẹ̀ gbé ọdún kan ó lé díẹ̀ sí i láyé, ó ti fọ́jú, ọpọlọ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìyàwó òun ti lọ. Ní oṣù Keje ọdún tí Charlotte kú yẹn, obìnrin náà ti jókòó sí Kew níbi tí wọ́n ti so yìgì fún méjì nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé àrólé ti ń wọ́n wọn. Edward, ọ̀kan nínú wọn, bí ọmọbìnrin kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 1819, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú ìyá àgbà rẹ̀. Victoria ni ọmọ náà. Òun ni kí ẹ pè ní ọbabìnrin.