Òrùka tó ń yí lọ́rùn kébù áńtẹ́nà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí, ni mo ń gbé, èmi ni mo sì ń tọ́jú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀gbèsì tí àwọn ọdẹ àdúgbò wa ń lò lóru. Orí òrùlé ni áńtẹ́nà rẹ̀ wà, kébù RG-58 tó gùn tó mítà 15 ló sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá. Nígbà tí mo pààrọ̀ ẹnu kébù náà lápá òkè, mo ra kọ̀nẹ́kítọ̀ BNC, irú èyí tí a máa ń fún òrùka rẹ̀ pa, mo sì fi púláyà fún òrùka náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àmọ́ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ohùn ti ń lọ tó ń bọ̀. Bí mo bá fọwọ́ yí kébù díẹ̀, ohùn á padà, òrùka náà pàápàá sì ń yí lọ́rùn kébù. Ṣé kí n fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ọn ni, àbí kí n tún fún un le sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àmójútó àdúgbò. Ẹ má ṣe fún un mọ́, ẹ má sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Ẹ gé ẹnu kébù náà sọnù kí ẹ sì fi kọ̀nẹ́kítọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òrùka tí a bá ti fún tí kò dì mú kò ṣeé tún fún.

Òrùka tó ń yí yẹn ló mú mi fura. Kébù RG-58 kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 5 lọ láti òde, nígbà tí RG-59, tí àwọn tó ń so kámẹ́rà àti tẹlifíṣọ̀n ń lò, tó nǹkan bíi mílímítà 6. BNC ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá dà wọ́n pọ̀ sínú ike kan náà lórí àtẹ, ojú kì í tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Lójú tèmi, ti RG-59 ni wọ́n tà fún yín. Nígbà tí ẹ bá padà lọ sọ́jà, ẹ mú kébù tí ẹ gé náà dání, kí ẹ ti òrùka bọ̀ ọ́ lọ́rùn níwájú ẹni tó ń tà á. Èyí tó yẹ á wọlé pẹ̀lú agbára díẹ̀. Èyí tó bá ń mì lọ́rùn rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí òrùka yẹn ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí kébù má baà já ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Wáyà kan wà láàárín kébù, rọ́bà funfun yí i ká, àwọ̀n bàbà yí rọ́bà náà ká, kí awọ dúdú tó wá bo gbogbo rẹ̀. Wáyà àárín àti àwọ̀n náà ni wọ́n jọ ń gbé ohùn lọ, kò sí èyí tó lè dá a gbé. Bí a bá fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu onígun mẹ́fà fún òrùka, gbogbo ìhà ni yóò ti tẹ àwọ̀n mọ́ ọrùn kọ̀nẹ́kítọ̀, tí irin yóò fi ko irin débi pé atẹ́gùn kò ní rí àyè gbà láàárín wọn. Ìhà méjì péré ni púláyà ń tẹ̀. Ìhà méjì yòókù á wú, àwọ̀n tó wà níbẹ̀ á kàn sùn sílẹ̀, omi òjò á sì rí ọ̀nà wọlé.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Mo fi púláyà ṣe irú rẹ̀ fún ẹnì kan ní Alẹ́kúwódò, ó sì pè mí padà lẹ́yìn òjò. Nígbà tí mo bó awọ kébù náà, àwọ̀n bàbà rẹ̀ ti dúdú bí èédú, mo gé e, mo tún gé e, ó sì ju ìwọ̀n apá kan lọ kí n tó kan bàbà tó ń dán, nítorí pé àwọ̀n yẹn máa ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ẹ̀yin náà, ẹ máa gé tiyín títí ẹ ó fi rí bàbà pupa tó mọ́.

Ní ti lẹ́ẹ̀dì, ó ju 180°C lọ kí ó tó yọ́, bẹ́ẹ̀ rọ́bà funfun inú RG-58 kò lè fara da 120°C. Bí ẹ bá ń yan òrùka títí yóò fi gbóná tó, rọ́bà inú á ti rọ̀, wáyà àárín á sì yẹ̀ lọ fara kan àwọ̀n. Píìnì àárín, ìyẹn irin tín-ínrín tí wáyà àárín ń wọnú rẹ̀, nìkan ni mo lè gbà kí ènìyàn fi lẹ́ẹ̀dì jó, kí ó sì yára.

Ẹ̀mú tí ẹ ó lò ni irú èyí tí kì í là padà àfi bí ó bá ti pàdé tán. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́nu rẹ̀: ihò mílímítà 5.4 ni ti òrùka RG-58, èyí tó kéré tó bíi 1.7 sì ni ti píìnì. Ihò 10.9, ti kébù mìíràn tó nípọn, RG-213, ni.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ ti òrùka wọ ara kébù ná, nítorí pé bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, iṣẹ́ á di àtúnṣe. Ẹ bó o ní ìwọ̀n tí àwòrán inú páálí kọ̀nẹ́kítọ̀ fi hàn, kí abẹ yín má sì ṣe gé ẹyọ kan nínú àwọn fọ́nrán wáyà àárín. Ihò kékeré kan wà lára píìnì; bí ẹ kò bá rí bàbà nínú ihò yẹn, wáyà kò tíì wọlé tán, ẹ má tíì fún un. Lẹ́yìn tí ẹ bá fún píìnì, ẹ la àwọ̀n bí òdòdó, kí ẹ ti píìnì wọnú kọ̀nẹ́kítọ̀ títí yóò fi dún kọ́, kí ọrùn rẹ̀ gba abẹ́ àwọ̀n wọlé. Ẹ da àwọ̀n bò ó, ẹ fa òrùka wá sórí rẹ̀, kí ẹ wá fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ fi mítà tí a fi ń yẹ wáyà wò wò ó kí ẹ tó so ẹnu méjèèjì mọ́ ohunkóhun: píìnì àti ara kọ̀nẹ́kítọ̀ kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn. Nígbà tí ẹ bá gun òrùlé lọ so ó, ẹ wé rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ yí kọ̀nẹ́kítọ̀ náà ká láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìpele rẹ̀ máa gun ara wọn bí páànù òrùlé, kí ẹ sì jẹ́ kí kébù sọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọ yàrá, kí omi lè máa kán síta. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní mítà SWR, èyí tó ń fi hàn bí agbára tí ẹ̀rọ ń rán lọ sí áńtẹ́nà bá ń padà wá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó wò ó fún yín. Bí nọ́ńbà tí mítà náà fi hàn bá lé ní 2, ẹ má tíì jẹ́ kí àwọn ọdẹ tẹ ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀.