Èsì: Ṣé dandan ni kúlà olómi (ohun tó ń fi omi mú kọ̀ǹpútà tutù) fún Ryzen 7 7700X, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí AMD ṣe?

Rárá o, ẹ má wulẹ̀ náwó yẹn. Lóòótọ́, kò sí kúlà nínú páálí 7700X, àmọ́ Thermalright Peerless Assassin 120 SE, tí kì í lo omi, tó o. Gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 155. Ẹ wo gíga tí kéèsì (àpótí kọ̀ǹpútà) yín gbà kí ẹ tó sanwó. Bí RAM (pátákó ìrántí kọ̀ǹpútà) yín bá ga sókè, fáànù iwájú á gòkè sí i, ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ ọn.

Ẹ má yọ irin ẹ̀yìn motherboard AM5 (pátákó ńlá tí processor yìí ń jókòó lé), òun náà ni kúlà ń dè mọ́. Ẹ ṣí ọ̀rá ìdí kúlà kúrò (ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé!), kí ẹ kán paste (ohun tó ń gbé ooru lọ sára kúlà) bí ẹyọ ẹ̀wà kan sáàárín processor. Ẹ yí síkúrù ọ̀tún díẹ̀, ẹ yí tòsì díẹ̀, títí wọ́n á fi le; bí ẹ bá kọ́kọ́ de ẹyọ kan pa, kúlà á dagun. Bí processor náà bá kan 95°C nídìí iṣẹ́ líle, ẹ má bẹ̀rù, AMD ló ṣe é bẹ́ẹ̀.