Ẹ sùn sí Àjàṣẹ́, ẹ má kàn gba ibẹ̀ kọjá

Àǹtí, ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Mo ka ètò tí ẹ kọ dáadáa: ẹ ó gbéra ní Ìbàdàn lárọ̀ọ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin, ọkọ yín àti màmá, ẹ ó sùn sí Kútọnù, ẹ ó yà sí Porto-Novo, tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, fún wákàtí kan kí ẹ lè sọ pé ẹ dé olú-ìlú Benin, lẹ́yìn náà ẹ ó lọ Ganvié, Ouidah àti Àgbómẹ̀, ẹ ó sì padà lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ní ká sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Bí mo ṣe mọ ọ̀nà yẹn, mọ́tò ni ẹ ó jókòó sí láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹsẹ̀ màmá á sì wú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń lọ sí Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rẹ́, pẹ̀lú ọmọdé, pẹ̀lú àgbà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ yí ètò náà padà: ẹ sùn sí Àjàṣẹ́ ní òru méjèèjì. Kútọnù ni ìjọba àti òwò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni òfin pè ní olú-ìlú, ibẹ̀ sì ni àwọn Aṣòfin wọn ti ń jókòó. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra, nǹkan bíi kìlómítà 30 ni. Ẹ yọ Àgbómẹ̀ kúrò pátápátá, ó lé ní kìlómítà 100 sí Kútọnù. Ouidah náà tó ìrìnàjò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ ìlú orí omi ló ń wu màmá, kò dìgbà tí ẹ bá dé Ganvié. Láti Àjàṣẹ́ gan-an ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Aguégués, ilé orí òpó wà níbẹ̀ náà.

Ẹ má gba Èkó. Láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta sí Ìlaròó sí Ìdíròkọ́ ni kí ẹ tọ̀. Tí ẹ bá ti sọdá sí Ìgòló, ọ̀nà tààrà ló kù sí Àjàṣẹ́, ẹ ò ní fojú kan Sẹ̀mẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ pe ẹni tó ń ná ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹnubodè ṣí, torí wọ́n ti tì í rí, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i.

Ní ẹnubodè, páàsípọ́ọ̀tù ECOWAS ti tó fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Kò sí físà, ọjọ́ 90 ni ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí. Ẹ mú káàdì yẹ́lò ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin rèé: ẹ sọ̀kalẹ̀ fúnra yín. Awakọ̀ á ní kí ẹ jókòó jẹ́jẹ́, kí ẹ kó ìwé àti owó fóun, òun á bá yín yanjú ẹ̀. Ẹ má gbà. Ẹ dúró níwájú wọn títí wọn ó fi lu òǹtẹ̀ ìjáde lọ́dọ̀ wa, kí ẹ tún dúró títí wọn ó fi lu ti ìwọlé ní òdìkejì. Ẹ ṣí ojú ìwé náà wò níbẹ̀, kí ẹ rí i pé déètì rẹ̀ tọ̀nà. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ kì í mọ̀ nígbà tó ń lọ, ìgbà tó bá ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ á di àríyànjiyàn, owó tí yóò sì ná sí i á pọ̀ ju èyí tí awakọ̀ kọ́kọ́ bèèrè lọ.

Ní ti owó, sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, so mọ́ euro, kì í yẹ̀: 655.957 ni euro kan, lónìí àti lọ́la. Náírà tiwa ló ń lọ sókè sódò. Nítorí náà, ẹ wo iye tí wọ́n ń ta euro ní ọjà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ pín in sí 655.957, ẹ ó ti mọ iye náírà tó ń ra sẹ́fà kan kí ẹnikẹ́ni tó dá iye fún yín. Ẹ ka owó náà lójú ẹni tó ṣẹ́ ẹ. Kí ẹ sì bèèrè owó wẹ́wẹ́. Owó onírin ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn dáadáa, 100, 200, 250, 500, èyí tó sì yẹ kó wà nínú àpò nìyẹn. Tí ẹ bá na 10,000 sí ọlọ́kadà tàbí ìyá alákàrà lárọ̀ọ́, ojú lásán ni wọn ó máa fi wò yín.

Ibi tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn èèyàn mi sùn ni Songhaï, ní agbègbè Ouando. Oko ńlá ni, Bàbá Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1985. Yàrá wà níbẹ̀ fún àlejò, ilé oúnjẹ wà, kò sí fàájì ìgbàlódé ṣùgbọ́n ó mọ́, ó sì pa rọ́rọ́ lóru. Ẹ bèèrè kí wọ́n mú yín rìn yí oko ká. Màmá á rí bí ìgbẹ́ ẹran ṣe ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, bí ìdọ̀tí ilé ìdáná ṣe ń di ìdin, tí ìdin ń di oúnjẹ ẹja, tí omi ẹja sì ń lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Mo ti mú àgbẹ̀ kan lọ síbẹ̀ rí, kò fẹ́ kúrò nídìí ẹja títí oòrùn fi mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ ó fi rin ìlú. Ẹ tètè jáde, kí oòrùn tó le. Ẹ háyà mọ́tò kékeré fún ọjọ́ náà nítorí màmá. Ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zemidjan dára fún èmi àti ẹ̀yin, kò dára fún orúnkún arúgbó. Ẹ fẹnu kò lórí owó kí ẹ tó wọlé.

Mọ́ṣáláṣí Ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ bá mi wò ó fínnífínní. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil bọ̀ wá sílé, àti àwọn ọmọ wọn, wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Ọdún 1912 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irú ilé ìjọsìn tí wọ́n mọ̀ ní Bahia ni wọ́n kọ́. Ẹ dúró sí òdìkejì títì: ilé gogoro méjì lápá ọ̀tún àti òsì bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ lókè, òdòdó àti ewé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ sára ògiri, àwọ̀ oríṣiríṣi. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ọwọ́ èèyàn ló mọ ewé kọ̀ọ̀kan, kò sí méjì tó jọra tán. Ẹni tó bá mọ ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil dé, ní Campos ní Èkó á dá iṣẹ́ yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò àtijọ́ tó yí i ká, àwọn kan ti ń wó, ó sì ń dùn mí. Ẹ má wọ inú mọ́ṣáláṣí láìgba àṣẹ.

Láti ibẹ̀, ààfin Honmè kò jìnnà. Ibẹ̀ ni ọba Toffa gbé, tó jọba láti 1874 sí 1908. Ẹnu ọ̀nà kúkúrú, àgbàlá tó ń wọ inú àgbàlá. Ilé Silva, tó ń sọ ìtàn àwọn tó ti Brazil dé, náà wà nínú ìlú. Ẹ bèèrè ní hòtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì èwo ló ṣí, torí wọ́n máa ń ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún àtúnṣe. Ọgbà igi, tó jẹ́ igbó ọba tẹ́lẹ̀, ni kí ẹ fi sinmi lọ́sàn-án. Ìrókò àtayébáyé wà níbẹ̀, òjìji rẹ̀ tutù.

Ní àwọn ojúde ìdílé, ẹ ó rí ojúbọ. Ẹ kí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kí ẹ tó yọ fóònù, kí ẹ sì bèèrè bóyá ẹ lè yàwòrán. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá pàdé Zangbeto, eégún aṣọ́de àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn. Wọn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò nílò Faransé tó bí ẹ ṣe rò. Ògù àti Yorùbá ni ẹ ó máa gbọ́ lọ́jà, ẹ jẹ́ kí màmá ṣáájú. Mo ti rí i kí ìyá wa kan kúnlẹ̀ nídìí igbá wàrà, kó kí oníwàrà ní Yorùbá, kí ó sì gbọ́ ẹsì tó dùn létí. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ọmọ títí tí èmi fi lọ jẹ amiwo, òkèlè àgbàdo alátòmátì, àti adìyẹ mi tán.

Ọjọ́ Àìkú, ẹ gbéra kí agogo mẹ́wàá tó lù, kí ẹ lè kọjá Ìdíròkọ́ kí èrò tó pọ̀. Àfi tí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ọjà Adjarra, tí kò jìnnà sí ìlú, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìlù. Ọjà ọrọọrún ni, kì í ní ọjọ́ kan pàtó nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ déètì tí ẹ fẹ́ lọ síbí, èmi á bá yín bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá ó bọ́ sí i.