Kí ni "pásípọ́ọ̀tù" báńkì tí wọ́n máa ń sọ ní Yúróòpù?

Ẹnìkan bi mí pé kí ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n bá ní báńkì kan ní Yúróòpù "ní pásípọ́ọ̀tù", ṣé báńkì náà ń wọ bàálù ni? Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni o, torí orí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbé gbogbo ètò láti sọ ọjà owó orílẹ̀-èdè púpọ̀ di ẹyọ kan lé.

Pásípọ́ọ̀tù táwa èèyàn ń gbà, ìwé tá a fi ń wọ ìlú onílùú ni. Ti báńkì ò sí lápò ẹnikẹ́ni, láísẹ́ńsì tó gbà nílé náà ni pásípọ́ọ̀tù ẹ̀. Báńkì tí wọ́n fún ní láísẹ́ńsì ní Faransé lè lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì tàbí Sípéènì, kò ní tọrọ láísẹ́ńsì míì níbẹ̀, ó kàn máa sọ fún àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀, àwọn yẹn á wá fi tó ti ọ̀hún létí pé ó ń bọ̀. Ọdún 1993 ló bẹ̀rẹ̀ fún báńkì, àwọn tó ń bá èèyàn ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, náà wá rí tiwọn gbà. Orílẹ̀-èdè 27 tó wà nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ló ń lò ó, pẹ̀lú Norway, Iceland àti Liechtenstein.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe wúlò tó, kó wo Lọ́ńdọ̀nù. Ìparí ọdún 2020 ni pásípọ́ọ̀tù tiwọn kú lẹ́yìn tí ìlú Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú EU, ìgbà tí ọjà máa ṣí ní January 4, ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù tí wọ́n ti ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù látọjọ́ pípẹ́, púpọ̀ nínú ẹ̀ ti kó lọ sí Amsterdam àti Paris, oṣù yẹn náà sì ni Amsterdam gba iwájú mọ́ Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́. Ṣé wọ́n gbàgbé iṣẹ́ ni? Rárá o, ìwé ni wọn ò ní mọ́. EU lè sọ fún ẹni tó wà níta pé "òfin yín jọ tiwa", equivalence ni wọ́n ń pè é, kó máa bá wọn nájà, ṣùgbọ́n àlejò ni onítọ̀hún, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè gba àṣẹ náà padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú ni pé wọ́n rò pé pásípọ́ọ̀tù ti sọ ọjà di ọ̀kan. Èmi ò gbà. Títà ti parí, ta ló máa kó ṣíà fún ẹni tó rà á, ta ló máa kó owó fún ẹni tó tà á? Lọ́dún 2001, ìgbìmọ̀ tí Alberto Giovannini, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Ítálì, jẹ́ olórí fún ka ìdènà 15 síbẹ̀ nìkan. Lọ́dún 2015 báńkì àpapọ̀ Yúróòpù gbé ẹ̀rọ kan jáde, TARGET2-Securities, tó ń pààrọ̀ ṣíà àti owó lójú kan náà, ìyẹn ṣe dáadáa. Owó orí ló wá ṣòro jù: o ra ṣíà ní ìlú míì, wọ́n yọ owó orí nínú èrè ẹ níbẹ̀, ilé ẹ tún fẹ́ yọ tiẹ̀, kó o tó rí èyí tí wọ́n yọ lé gbà padà, fọ́ọ̀mù lórí fọ́ọ̀mù, àwọn míì a kàn fi sílẹ̀ fún wọn. December 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òfin tó máa mú un yá, 2030 ló sì máa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.