Ṣé a máa ń sanwó kí a tó rìn lójú ọ̀nà Ògiri Hadrian ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Rárá, a kì í sanwó láti rin ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ Ògiri Hadrian kọjá ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kì í sì í gba ìwé àṣẹ. Àwọn ibùdó ọmọ ogun Róòmù àtijọ́ tó wà lẹ́bàá rẹ̀, bíi Housesteads, Chesters àti Vindolanda, ni wọ́n ń gba owó ìwọlé.

Ọ̀nà náà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2003, gùn tó máìlì 84, láti Wallsend dé Bowness-on-Solway. Ọdún 122 ni àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri náà, nígbà ayé Hadrian, olú ọba wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá retí pé òun yóò máa rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò ṣì í, nítorí pé àwọn ará àdúgbò ti kó ọ̀pọ̀ òkúta rẹ̀ lọ fi kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Apá àárín, lórí àwọn àpáta gíga ìtòsí Housesteads, ló ṣì dúró dáadáa jù. Nínú ibùdó Housesteads fúnra rẹ̀, ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọ ogun ṣì hàn kedere: ìjókòó rẹ̀ kò sí mọ́, ṣùgbọ́n kòtò olókùúta tí omi ń gbà ṣàn wà níbẹ̀. Ní Burgh by Sands, lápá ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọmọ ogun Róòmù tó wá láti Àríwá Áfíríkà gbé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta.

Ẹni tó bá wa mọ́tò wá lè san owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. A kì í rìn lórí ògiri náà, àfi níbi kúkúrú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Housesteads.